Waties Waring: adájọ́ tí ìlú rẹ̀ kọ̀ nítorí òtítọ́

Iṣẹ́ adájọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń wá ojúrere gbogbo ayé. Ẹjọ́ yòówù kí adájọ́ dá, bí ẹnì kan bá jó lọ sílé, ẹlòmíràn ní láti káwọ́ lérí. Èyí kò ṣàjèjì. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni kí adájọ́ jókòó láàrin ìlú tí wọ́n bí i sí, kó dá ẹjọ́ tí ìlú náà kò fẹ́ gbọ́, kí ọ̀rẹ́ àti ìbátan kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, kó má sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà títí ó fi wọ ilẹ̀ lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Adájọ́ Julius Waties Waring, tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Aláwọ̀ funfun ni Waring. Ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó wà nílùú Charleston, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ló ti ṣe adájọ́ láti ọdún 1942 sí 1952. Nínú àwọn ọmọ Yorùbá tó mọ South Carolina, abúlé Ọ̀yọ́túnjí ni ọ̀pọ̀ wọn fi mọ̀ ọ́n, ìyẹn abúlé tí Ọba Oseijeman Adéfúnmi tẹ̀ dó ní ọdún 1970 ní agbègbè Beaufort. Ọdún 22 ṣáájú ìgbà náà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan láti Beaufort kan náà wọ ilé-ẹjọ́ Waring lọ láti bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti dìbò. A ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

ỌMỌ ONÍLÙÚ

Ọjọ́ 27, oṣù Keje, ọdún 1880 ni wọ́n bí Waring. Ìdílé rẹ̀ ti wà ní Charleston fún ìran méje ṣáájú rẹ̀. Òun ni ìran kẹjọ. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ní ẹrú. Bàbá tó bí i jagun fún àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ogun tí ìbọn àkọ́kọ́ rẹ̀ dún ní èbúté Charleston ní 1861, tó sì parí ní 1865 pẹ̀lú òmìnira àwọn ẹrú. Kò ju ọdún 15 lọ tí ogun náà parí tí wọ́n fi bí Waties. Ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì jinná lára àwọn tó tọ́ ọ dàgbà.

Nígbà tí ọmọ náà di ọmọ ọdún 15, ní 1895, South Carolina ṣe ìwé òfin tuntun tó fi ọ̀nà ẹ̀bùrú gba ìbò lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, tó sì pàṣẹ pé ọmọ dúdú àti ọmọ funfun kò gbọdọ̀ jọ kàwé nílé-ẹ̀kọ́ kan náà. Ní 1896, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò sí ohun tó burú nínú kí a ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀, bí ohun tí a fún ẹ̀yà méjèèjì bá ti dọ́gba. Orí ìwé nìkan ni ìdọ́gba náà wà. Inú ayé yìí ni Waring dàgbà sí, kò sì bá a jà.

Ó jáde ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Charleston ní 1900. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òfin; ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ-iṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó sì gba àṣẹ láti máa ṣe agbẹjọ́rò ní 1902. Ó fẹ́ Annie Gammell ní 1913, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan. Láti 1914 sí 1921, ó jẹ́ igbákejì agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ ní ẹkùn rẹ̀. Ní 1933 ó di agbẹjọ́rò fún ìlú Charleston. Nígbà tó di 1938, ó wà lára àwọn tó ṣe agbátẹrù ìpolongo ìbò Sẹ́nétọ̀ Ellison Smith, ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ pé kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú gbé orí sókè.

Nígbà tí Ààrẹ Franklin Roosevelt yan Waring sípò adájọ́, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní, 1942, ọmọ ọdún 61 ni. Àwọn olóṣèlú tó gbárùkù tì í gbà pé ẹni tiwọn ni wọ́n gbé sórí àga. Kò sí ìdí fún wọn láti rò ó lọ́nà mìíràn.

Ó yẹ ká ṣàlàyé irú àga tó jókòó lé. Ilé-ẹjọ́ tí wọ́n yàn án sí ni ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹlẹ́rìí ti ń búra, ibẹ̀ ni adájọ́ ti ń fi ojú ara rẹ̀ rí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ àti ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn adájọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà lókè ń ka ìwé. Adájọ́ ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ ló ń gbọ́ ohùn. Bákan náà, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà kò ní ọjọ́ tí sáà rẹ̀ ń parí. Gómìnà kò lè lé e, kò sí ẹni tó lè dín owó oṣù rẹ̀ kù, kò sì sí ìbò kankan tó gbọ́dọ̀ tún dù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni òfin dáàbò bò báyìí. Ọ̀rẹ́, ìbátan àti àlàáfíà ilé rẹ̀ kò sí lábẹ́ ààbò náà.

OWÓ OṢÙ OLÙKỌ́ ÀTI ÌGBÉYÀWÓ KEJÌ

Ẹjọ́ tó kọ́kọ́ fi hàn pé nǹkan lè má rí bí wọ́n ṣe rò ni ti Viola Duvall, olùkọ́ aláwọ̀ dúdú ní Charleston. Owó oṣù tí wọ́n ń san fún olùkọ́ dúdú kéré sí ti olùkọ́ funfun, bí ìwé-ẹ̀rí wọn tilẹ̀ dọ́gba. Ẹgbẹ́ NAACP, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, rán agbẹjọ́rò wọn, Thurgood Marshall, wá síbẹ̀. Marshall mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí agbẹjọ́rò dúdú nílé-ẹjọ́ gúúsù, ó sì ti múra de àbùkù. Ẹnu yà á nígbà tí Waring kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ní oṣù Kejì, 1944, àṣẹ jáde pé kí owó oṣù di ọgbọọgba. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó dá irú ẹjọ́ kan náà fún àwọn olùkọ́ ní Columbia, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà.

Ó tún ìjókòó inú ilé-ẹjọ́ rẹ̀ ṣe pẹ̀lú. Ó fòpin sí kí dúdú jókòó níbì kan, kí funfun jókòó níbòmíràn. Ó gba John Fleming, aláwọ̀ dúdú, sí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ilé-ẹjọ́. Lójú wa lónìí, ohun kékeré ni. Ní Charleston ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nídìí oúnjẹ alẹ́ ni.

Ní 1945, Waring sọ fún Annie, ìyàwó tó ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láti ọdún 32, pé òun fẹ́ ẹlòmíràn. Òfin South Carolina kò fàyè gba ìkọ̀sílẹ̀ nígbà náà, nítorí náà Annie ní láti rìnrìn àjò lọ sí Florida láti gba ìwé rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, Waring gbé Elizabeth Avery níyàwó, obìnrin ará àríwá tó ti kọ ọkọ méjì sílẹ̀ rí. Àwọn ìdílé ọlọ́lá ti ìlẹ̀kùn mọ́ tọkọtaya náà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan fi ń sọ ní Charleston pé ìbínú àtìmọ́ta yìí ló mú kí adájọ́ máa fi ìdájọ́ rẹ̀ gbẹ̀san lára ìlú. Ẹni tó bá wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé yóò rí i pé ìdájọ́ owó oṣù olùkọ́ ti jáde ní 1944, ọdún kan kí ìgbéyàwó náà tó tú. Èyí kò sọ pé ohun tó ṣe sí Annie dára. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ kò lè gbè é lẹ́yìn nínú ìyẹn. Ohun tó ń sọ ni pé a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yàrá pa ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ mọ́lẹ̀.

OJÚ ISAAC WOODARD

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kejì, 1946, sájẹ́ǹtì aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Isaac Woodard gba ìwé ìtúsílẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ ológun ní Georgia. Ó ti sìn lágbègbè òkun Pasífíìkì nígbà ogun àgbáyé kejì. Aṣọ ológun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó wọ bọ́ọ̀sì láti lọ bá ìyàwó rẹ̀. Lójú ọ̀nà, gbólóhùn asọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàrin òun àti awakọ̀ nítorí pé ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Batesburg, ní South Carolina, awakọ̀ ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, Lynwood Shull, fi kóńdó lù ú títí tí ojú rẹ̀ méjèèjì fi fọ́. Wọ́n tì í mọ́lé mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú un dé iwájú adájọ́ ìlú, wọ́n sì ní kó san owó ìtanràn. Woodard kò rí ìmọ́lẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní 1992.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Walter White, ọ̀gá àgbà NAACP, ròyìn ọ̀rọ̀ yìí fún Ààrẹ Harry Truman. Inú bí Ààrẹ gidigidi. Láìpẹ́, ìjọba àpapọ̀ pe Shull lẹ́jọ́, wọ́n sì gbọ́ ẹjọ́ náà ní Columbia ní oṣù Kọkànlá, níwájú Waring.

Òfin ti fi ọ̀rọ̀ ẹ̀bi àti àìjẹ̀bi sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tó ń bá adájọ́ jókòó, aláwọ̀ funfun sì ni gbogbo wọn. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ṣe ẹjọ́ náà bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú. Ẹlẹ́rìí tó yẹ kí wọ́n pè, wọn kò pè é. Agbẹjọ́rò Shull rọ ìgbìmọ̀ láti rántí ẹ̀yà wọn. Waring ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí ìgbìmọ̀ ṣe wọlé lọ jíròrò, ó jáde lọ rìn díẹ̀, kí wọ́n má baà padà dé lójú ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò tilẹ̀ rò ó rárá. Kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ tí wọ́n fi dé pẹ̀lú ìdáhùn wọn: Shull kò jẹ̀bi. Elizabeth, tó jókòó láàrin èrò, fi omijé jáde nílé-ẹjọ́.

Ẹjọ́ yìí ló yí adájọ́ náà padà ju gbogbo èyí tó ṣáájú lọ. Afọ́jú náà dúró níwájú rẹ̀, ó sọ tẹnu rẹ̀, àga adájọ́ kò sì lè ṣe nǹkan kan fún un. Láti ìgbà náà, tọkọtaya Waring bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lálaalẹ́ nípa bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ṣe rí ní gúúsù. Ìwé W. J. Cash lórí èrò ọkàn àwọn ará gúúsù wà níbẹ̀. Ìwé ńlá tí Gunnar Myrdal, ọmọ Sweden, kọ lórí ìṣòro ẹ̀yà ní Amẹ́ríkà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkùnrin tó ti lé lẹ́ni ọdún 66 jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́, ó ń kọ́ nípa ìlú tó rò pé òun ti mọ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ Woodard kò sì kú sí Columbia. Ní oṣù Kejìlá, 1946, Truman gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú. Ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, 1948, ó pàṣẹ kí ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà dópin nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà.

ÌBÒ ABẸ́LÉ

Ní gúúsù Amẹ́ríkà láyé ìgbà náà, ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic nìkan ló lẹ́nu. Ẹni tó bá wọlé nínú ìdìbò abẹ́lé wọn ti wọlé tán. Ìdìbò gbogboogbò kàn ń fi òǹtẹ̀ lù ú ni. Aláwọ̀ dúdú kò sì gbọdọ̀ dá sí ìdìbò abẹ́lé náà. Ní 1944, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé irú ètò yìí nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Texas. Kíá ni gómìnà South Carolina pe àwọn aṣòfin jọ. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n pa gbogbo òfin tó mẹ́nu ba ìdìbò abẹ́lé rẹ́, nǹkan bí 150. Ọgbọ́n tí wọ́n ta ni pé bí kò bá ti sí òfin ìjọba níbẹ̀ mọ́, ẹgbẹ́ òṣèlú náà yóò dà bí ẹgbẹ́ àdáni, tí ẹnikẹ́ni kò lè bi léèrè pé ta ló gbà wọlé.

George Elmore, oníṣòwò aláwọ̀ dúdú tó tún ń wa takisí ní Columbia, pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́. Ní oṣù Keje, 1947, Waring dájọ́ pé aṣọ nìkan ni wọ́n pààrọ̀, ara kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ibi tí a ti ń yan ẹni tí yóò ṣàkóso ìlú, ibẹ̀ ni ìdìbò wà, orúkọ yòówù kí wọ́n pè é. Ó fi kún un pé ó tó gẹ́ẹ́ kí South Carolina padà sáàrin àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà yòókù. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbè é lẹ́yìn.

Ní ọdún yẹn kan náà ló gbọ́ ẹjọ́ John Wrighten, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì South Carolina. Ìdájọ́ Waring ni pé bí ìpínlẹ̀ kò bá fẹ́ gbà á síbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin tó dọ́gba fún un. Ìpínlẹ̀ yára dá ọ̀kan sílẹ̀ fún àwọn dúdú ní Orangeburg. Ẹ ó rí i níbẹ̀ pé lábẹ́ òfin 1896 ni adájọ́ náà ṣì ń rìn: ìdọ́gba ló ń béèrè, kò tíì fọwọ́ kan ìyàsọ́tọ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú tún dá ọgbọ́n mìíràn. Ní 1948, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ dìbò abẹ́lé gbọ́dọ̀ búra pé òun fara mọ́ yíya ẹ̀yà sọ́tọ̀. Báwo ni aláwọ̀ dúdú yóò ṣe búra lòdì sí ara rẹ̀? David Brown láti Beaufort, tí a mẹ́nu bà níṣàájú, gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́. Waring fagi lé ìbúra náà. Ó pàṣẹ kí wọ́n ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ó sì kìlọ̀ pé olóyè ẹgbẹ́ tó bá rú àṣẹ yìí yóò fi ẹ̀wọ̀n jura. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ju 30,000 lọ dìbò nínú ìdìbò abẹ́lé náà.

ÒKÒ LÓJÚ FÈRÈSÉ

Ìlú gbaná jẹ. Ìwé ìròyìn News and Courier, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n Waring wà lára àwọn olóòtú rẹ̀, kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n ń pè é lórí fóònù láti bú u. Ní oṣù Kìíní, 1950, Elizabeth sọ̀rọ̀ níwájú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Charleston, ó sì bẹnu àtẹ́ lu àwọn aláwọ̀ funfun gúúsù láìfi bò. Ọ̀rọ̀ náà ta epo síná. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ dá a lábàá pé kí wọ́n fi owó ìjọba ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àìbọ̀ fún tọkọtaya náà. Wọ́n dáná sun àgbélébùú sí àgbàlá wọn. Ní oṣù Kẹwàá, 1950, wọ́n sọ òkò wọ inú ilé wọn lálẹ́. Ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà wọn láti ìgbà náà.

Ọkùnrin tí kò sí ilé tí kì í wọ̀ ní Charleston wá di ẹni tí aláwọ̀ funfun kì í kí ní òpópónà. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń bá tọkọtaya náà jẹun, èyí tó tún jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lójú ìlú.

ẸJỌ́ CLARENDON

Ẹjọ́ tí orúkọ Waring fi wọ inú ìtàn Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì. Ní agbègbè Clarendon, níbi tí àwọn dúdú pọ̀ ju funfun lọ, ìjọba ní bọ́ọ̀sì 30 tó ń gbé ọmọ funfun lọ sílé-ẹ̀kọ́. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo kò sí fún ọmọ dúdú. Àwọn òbí dá owó jọ, wọ́n ra ògbólógbòó bọ́ọ̀sì kan, wọ́n sì ní kí ìjọba fún wọn ní owó epo. Ìjọba kọ̀. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 1949 sí 1950, dọ́là 179 ni wọ́n ná lórí ọmọ funfun kọ̀ọ̀kan. Dọ́là 43 ni wọ́n ná lórí ọmọ dúdú.

Àlùfáà Joseph DeLaine kó àwọn òbí náà jọ láti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Orúkọ Harry Briggs ló ṣáájú, ọkùnrin tó ti sin Amẹ́ríkà lójú ogun, tó ń ṣiṣẹ́ nílé-epo. Wọ́n lé e kúrò níbi iṣẹ́. Wọ́n lé Eliza ìyàwó rẹ̀ náà, tó ń tún yàrá ṣe ní ilé ìtura. Síbẹ̀ wọn kò yọ orúkọ wọn. Ní 1950, Thurgood Marshall gbé ẹjọ́ wọn wá síwájú Waring, ohun tó sì béèrè ni ilé-ẹ̀kọ́ tó dọ́gba.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Waring pe Marshall. Ó jẹ́ kó yé e pé òun kò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ìdọ́gba mọ́. Kí ó lọ tún ìwé ẹjọ́ náà kọ, kí ó sì sọ gbangba pé òfin ìyàsọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ tako ìwé òfin Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibi tí agbára adájọ́ náà pin sí gan-an nìyí. Ká ní ẹjọ́ ìdọ́gba lásán ni, Waring nìkan ni yóò gbọ́ ọ, àwọn òbí Clarendon ì bá sì jàre láìsí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó bá fẹ́ fagi lé òfin ìpínlẹ̀, adájọ́ mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ nígbà náà. Waring mọ àwọn méjì tí yóò bá òun jókòó, ó sì mọ̀ pé wọn yóò borí òun. Ó mọ ohun kan pẹ̀lú: ẹjọ́ tí adájọ́ mẹ́ta bá dá bẹ́ẹ̀ ń lọ tààrà sí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ó fi ìdáláre kékeré tó dájú sílẹ̀, ó yan ìjákulẹ̀ tó lè ṣí ilẹ̀kùn ńlá. Àwọn kan rí i pé kò yẹ kí adájọ́ máa kọ́ agbẹjọ́rò ní ohun tí yóò béèrè. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù. Marshall pàápàá lọ́ra, nítorí pé bí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ bá kọ̀, òfin 1896 yóò tún lágbára sí i. Síbẹ̀ ó lọ, ó tún ìwé náà kọ.

Ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, 1951, èrò ti kún ilé-ẹjọ́ Charleston láti àfẹ̀mọ́jú. Àwọn àgbẹ̀ àti ọmọ wọn wá láti Clarendon, wọ́n kún orí àtẹ̀gùn títí dé ìta. Robert Figg, agbẹjọ́rò ìpínlẹ̀, kọ́kọ́ gbà pé lóòótọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn dúdú kò dọ́gba, ó sì ní kí ilé-ẹjọ́ fún ìjọba láyè láti tún un ṣe. Èrò rẹ̀ ni láti fi ìyẹn gé ẹjọ́ náà kúrú. Marshall pe ẹlẹ́rìí rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Kenneth Clark ṣàlàyé bí òun ṣe gbé ọmọláńgidi dúdú àti funfun síwájú ọmọ dúdú 16 ní Clarendon. Mọ́kànlá nínú wọn ló mú ti dúdú gẹ́gẹ́ bí èyí tí kò dára. Àwọn ọmọ náà ti kọ́ ohun tí òfin ń sọ nípa wọn, kí wọ́n tó mọ ìwé òfin kà.

Ní oṣù Kẹfà, ìdájọ́ jáde. Adájọ́ John Parker àti Adájọ́ George Timmerman ní kí ìpínlẹ̀ tún ilé-ẹ̀kọ́ dúdú ṣe, ṣùgbọ́n kí ìyàsọ́tọ̀ dúró. Waring nìkan ló kọ ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó yẹ ìtàn ìyàsọ́tọ̀ wò láti ìgbà oko ẹrú, ó ní ẹ̀rí tí òun fi etí òun gbọ́ ti fi hàn pé ìpalára rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, ó sì parí rẹ̀ pé ìyàsọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ ni àìdọ́gba. Kò sí ilé tí a lè kọ́, kò sí bọ́ọ̀sì tí a lè rà, tí yóò wo àrùn náà sàn. Láti 1896, ó ṣọ̀wọ́n kí adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé.

LẸ́YÌN ÌDÁJỌ́

Ní oṣù Kejì, 1952, lẹ́yìn ọdún 10 lórí àga, Waring fẹ̀yìn tì. Òun àti Elizabeth kó lọ sí New York. Ẹjọ́ Clarendon dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n kó o pọ̀ mọ́ àwọn ẹjọ́ mìíràn láti Kansas, Virginia àti Delaware, orúkọ ẹjọ́ ti Kansas ni wọ́n sì fi pè wọ́n. Ní ọjọ́ 17, oṣù Karùn-ún, 1954, gbogbo adájọ́ mẹ́sàn-án fẹnu kò pé ìyàsọ́tọ̀ nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba tako òfin. Ohun tí adájọ́ kan sọ ní Charleston, tí méjì sì borí rẹ̀, ti di ọ̀rọ̀ gbogbo Amẹ́ríkà láàrin ọdún mẹ́ta. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ìyìn adájọ́ bo àwọn tó gbé ẹjọ́ wá mọ́lẹ̀. Waring ní owó oṣù títí ayé, ó ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn yẹn kò ní. Wọ́n dáná sun ilé DeLaine ní 1951, wọ́n sun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní 1955, ó sì sá kúrò ní ìpínlẹ̀ náà. George Elmore pàdánù òwò rẹ̀, inú òṣì ló sì kú sí ní 1959. Briggs fi ilé sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́ níbòmíràn. Adájọ́ kì í jáde lọ wá ẹjọ́. Àfi kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ dìde kó wá sọ ọ́.

Ní oṣù Kẹwàá, 1967, Thurgood Marshall jókòó gẹ́gẹ́ bí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nílé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 11, oṣù Kìíní, 1968, Waring kú ní New York lẹ́ni ọdún 87. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sí Charleston. Àwọn aláwọ̀ dúdú bí 200 ló tẹ̀ lé e dé ibojì. Àwọn aláwọ̀ funfun ibẹ̀ kò ju méjìlá lọ. Elizabeth kú ní ọdún kan náà.

Ìlú tó kọ̀ ọ́ ti wá padà rántí rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin, 2014, wọ́n ṣí aṣọ lójú ère rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹjọ́ Charleston. Ní 2015, wọ́n sọ ilé-ẹjọ́ náà ní orúkọ rẹ̀. Orúkọ Sẹ́nétọ̀ Ernest Hollings ló wà lára ilé náà tẹ́lẹ̀, Hollings fúnra rẹ̀, tó ti lé lẹ́ni ọdún 90, ló sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ ti òun, kí wọ́n fi ti Waring síbẹ̀.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí ní Charleston láti 1944 títí Waring fi kúrò níbẹ̀. Ẹni tó lo ọdún 60 nínú ayé rẹ̀ pẹ̀lú èké ìlú rẹ̀, tó wá fi èyí tó kù ra òtítọ́, fi hàn wá pé àgbà lè kọ́ ohun tuntun, bó bá gbà láti fi etí sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀.